Ọjọ́ Tí Ìlẹ̀kẹ̀ Ẹniìtàn Pọ́n

"Ó ti pọ́n o," Ìyá Dúrójayé wí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sára ọmọ. "Bàbá Oyínlọ́lá, ẹ wá wò ó. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí ti pọ́n."

Mi ò lọ wò ó. Mo jókòó síbi tí mo wà, àwọ̀n lórí itan mi, abẹ́rẹ́ àwọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ ohun tó sọ. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbọ́.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ pẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ọmọ náà fún mi tán ni, ó ń fi àdí pa á lára, Ẹniìtàn sì ń rẹ́rìn-ín sí i, nítorí ọmọ yẹn fẹ́ràn ìwẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín oyin. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ìjọba so mọ́ ọn nídìí lọ́jọ́ tá a sọ ọ́ lórúkọ, àwọ̀ méjì péré la mọ̀ mọ́ ọn. Tó bá yó, tára rẹ̀ dá, àwọ̀ ewé ni. Tébi bá ń pa á, tàbí tára rẹ̀ gbóná, àwọ̀ aró ni. Pupa, ẹnu àwọn ẹlòmíì la ti ń gbọ́ ọ.

Ìlẹ̀kẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sí i, ohùn tútù, bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde nílé. Alábòójútó ọmọ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣeun."

"Ẹ ṣeun kí ni?" Ìyá Dúrójayé dá a lóhùn. "Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ọpẹ́?"

Bó ṣe máa ń bá ẹ̀rọ jà nìyẹn. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀, àpótí tó ń gbéni gòkè, ẹnu omi tó ń kí èèyàn, kò sí èyí tí kò bú rí. Nígbà tá a ṣì wà ní etíkun, ìgbì ló máa ń bú. Omi wá gba etíkun tán, wọ́n kó wa wá sórí òkè yìí, ó ní láti rí nǹkan míì máa bú.

Ràfíátù, tá a jọ ti etíkun wá tó sì ń bá wa gbélé, sáré wọlé láti yàrá kejì, ọmọ tirẹ̀ wà lẹ́nu ọmú. Òun ló ń fún Ẹniìtàn náà lọ́mú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ẹniìtàn ń sùn. Ó wo ìlẹ̀kẹ̀, ó wo ojú mi.

"Kí lẹ ṣe fún un?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe fún un?" Ìyá Dúrójayé wí. "Mo wẹ̀ ẹ́ ni. Bí mo ṣe wẹ ìwọ náà nìyẹn tó o fi rí ìdí tó o fi ń yan kiri."

"Ìyá, ẹ̀fẹ̀ kọ́ nìyí o."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ kọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Èmi náà mọ̀. Tẹ́rù bá ba obìnrin yẹn, ẹnu rẹ̀ ni kì í dákẹ́. Tẹ́rù bá ba èmi, tèmi kì í là.

Mo ní, "Èmi ni. Wọ́n ti mọ̀ nípa mi."

Ràfíátù gbójú kúrò lára mi.

Oyínlọ́lá ni ọmọ mi. Inú ọkọ̀ ojú omi ló bí ọmọ rẹ̀ sí lọ́jọ́ tí omi lé wa, òun fúnra rẹ̀ ò sì dé orí òkè. Ìdí tá a fi sọ ọmọ náà ní Ẹniìtàn nìyẹn. Ìjọba bi mí pé ta ni ọwọ́ àkọ́kọ́ fún un, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ń tọ́jú ọmọ níbí nìyẹn, mo sì ní èmi. Ta ni ǹ bá tún pè? Ara mi le nígbà náà. Àwa tá a fi àwọ̀n kó ẹja láyé ọjọ́sí, kùrukùru la wá ń fi kó báyìí. Wọ́n na àwọ̀n sáàárín òpó lórí àpáta, kùrukùru á gba inú rẹ̀ kọjá, omi á máa kán sínú ọpọ́n. Gbogbo omi tí ilé gogoro wa ń mu, inú àwọ̀n ló ti ń wá. Èmi ni mo ń tún èyí tó bá ya ṣe.

Afẹ́fẹ́ ló wó òpó kan lù mí lórí. Mo dìde, mo gbọnra nù, mo lọ sílé. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú.

Wárápá. Mi ò fẹ́ràn àtipè é. Àwọn obìnrin méjì yìí nìkan ló mọ̀, torí wọ́n bá mi nílẹ̀. Látìgbà yẹn mi ò gbé ọmọ mọ́. Ìyá Dúrójayé ń wẹ̀ ẹ́, Ràfíátù ń fún un lọ́mú, èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Nísàlẹ̀ ilé wa, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà. Mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ mo ka èyí: ỌMỌ KAN, ỌWỌ́ ÀKỌ́KỌ́ KAN. ỌWỌ́ TÓ BÁ Ń GBỌ̀N, KÍ Ó SỌ. Mo máa ń gbójú kúrò níbẹ̀ tí mo bá ń kọjá.

Ìyá Dúrójayé nu ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ẹ gbọ́ mi. Tí alábòójútó yẹn bá dé, ẹ̀yin lẹ máa gbé ọmọ dání. Ọwọ́ àkọ́kọ́ tí kò gbé ọmọ, kí lẹ fẹ́ kó pè é?"

"Tí àìsàn bá mú mi ńkọ́?"

"Kò ní mú yín. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú lánàá. Ṣé ẹ fẹ́ máa rọ̀ lójoojúmọ́ bí òjò ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ràfíátù náà rẹ́rìn-ín, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

A rí wọn láti ojú fèrèsé kí wọ́n tó dé. Obìnrin kan tó wọ ẹ̀wù òjò ló wà níwájú, agbọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá rí agbọ̀n yẹn rí, ó tó ẹní ọmọ méjì fẹ̀, ó ní ìdérí, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń ká bíi ti ewúrẹ́, ó sì ń gun àtẹ̀gùn láìmí. Àwọn ọmọdé tó ń ṣeré nísàlẹ̀ fọ́nká. Mo gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ bọ̀ lókè. Nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, irú agbọ̀n bẹ́ẹ̀ ló gbé àwọn ìbejì tí ọkùnrin kan tó ń gbé lókè wa bí lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun náà sì ń mutí. A ò rí àwọn ìbejì náà mọ́. Bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí àtẹ̀gùn, títí tóun náà fi kó lọ.

Obìnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹrẹ̀ ló kún un. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ kú àárọ̀ mà. Ìyáàfin Àjàdí lorúkọ mi."

Mo ń ṣọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba kì í kúnlẹ̀ kí wa. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gé èékánná rẹ̀ dé ìdí, bíi ti ẹni tó máa ń gbé ọmọ. Mo rò bẹ́ẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé kí n má tètè gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo gbé Ẹniìtàn dání, lórí àga onígi. Ó wúwo ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó di ẹ̀wù mi mú lọ́rùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá," obìnrin náà wí, "òfin ní kí n kọ́kọ́ bá ọwọ́ àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lóun nìkan."

"Lóun nìkan?" Ìyá Dúrójayé ò mira. "Ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

"Rárá o, mà. Ọkọ mi ń bẹ nílé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá yìí ò ní nǹkan kan."

Wọ́n jáde. Mo rí ẹsẹ̀ Ràfíátù lábẹ́ ilẹ̀kùn, kò lọ jìnnà. Agbọ̀n náà wọlé, ó ká ẹsẹ̀, ó lóṣòó sẹ́bàá ògiri, ìdérí rẹ̀ sì ṣí díẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, ó ti ń ṣílẹ̀kùn fún ọmọ.

Obìnrin náà fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ mi, ó jókòó. "Bàbá, mi ò wá bá yín jà. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ránṣẹ́ sí wa. Ó ní ọmọ yìí ń ṣubú."

Mo wo ìlẹ̀kẹ̀ náà.

"Láràárọ̀. Láti òkè wá sílẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tẹ̀ léra wọn, á wá dáwọ́ dúró. Ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀?"

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ìlẹ̀kẹ̀ yìí ń gbọ́ mi láti inú ilẹ̀. Pé tí mo bá ṣubú ní yàrá yìí, ó ń gbọ́ ọ ní yàrá kejì níbi tí ọmọ sùn sí. Ẹ̀rọ ni. Ta ló mọ ibi tí etí rẹ̀ mọ?

"Ọmọ yìí ò ṣubú rí," mo wí. Òótọ́ ni mo rò pé mo sọ.

"Ta ló ń gbé e láàárọ̀?"

"Èmi ni." Irọ́ nìyẹn.

Ó mi orí. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó kàn ń wo ọwọ́ mi, bí mo ṣe di ọmọ mú, bí ẹni tó di ẹyin mú lórí ọkọ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ ń wẹ̀ ẹ́?"

Mo fẹ́ dáhùn. Ìgbà yẹn ni mo gbóòórùn ẹja.

Ẹja yíyan. Ẹja tó gbẹ dáadáa lórí ààrò, bí ìyá mi ṣe máa ń yan án. Kò sí ẹja lórí òkè yìí. Kò tíì sí i látìgbà tá a ti dé. Òórùn yẹn ni mo máa ń gbọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ máa ń gbé mi.

Àkókò tí mo ní kéré, mo sì mọ̀. Tí n bá pariwo, wọ́n á gbọ́ lóde, àmọ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ó ti tán. Tí n bá bẹ̀rẹ̀ kí n tẹ́ ọmọ sílẹ̀, orí ni màá fi lọ, màá wó lé e. Ẹlòmíì tó wà nínú yàrá yẹn ò sí, àfi obìnrin tí mo ń sá fún. Tí mo bá gbé ọmọ fún un, mo ti fọwọ́ ara mi gbé e fún ìjọba nìyẹn. Mo tún di ọmọ náà mú. Mo ní, bóyá ó máa kọjá. Ó máa ń kọjá nígbà míì. Òórùn ẹja náà gba imú mi, ó gba ẹnu mi, ìka ọwọ́ òsì mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká fúnra rẹ̀.

Ẹniìtàn gbójú sókè wò mí.

"Gbà á," mo wí. Mi ò tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un, mi ò sọ pé ẹ gbà á. "Gbà á! Mo fẹ́ ṣubú."

Mo rántí pé ọwọ́ rẹ̀ yára. Mi ò rántí nǹkan míì.

"Akíngbadé! Akíngbadé o!"

Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn mọ́, Bàbá Oyínlọ́lá ni wọ́n ń pè mí. Ìyá Dúrójayé ló ń pè é, etí mi ló ti ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi dùbúlẹ̀. Nǹkan rírọ̀ kan wà lábẹ́ orí mi. Ẹ̀wù òjò obìnrin náà ni.

Mo wá ọmọ. Ojú mi kọ́kọ́ lọ síbi agbọ̀n. Ìdérí rẹ̀ ti padé. Mo fẹ́ dìde, ara mi kọ̀.

"Ó wà níbí, bàbá. Ẹ rọra."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, níwájú mi. Ó ti fi ìborùn rẹ̀ pọn Ẹniìtàn sẹ́yìn. Orí ọmọ náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti sùn lọ.

Ẹkún gbọ̀n mí. Mi ò lè sọ pé kò gbọ̀n mí. "Ẹ má gbé e lọ. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Wárápá ni. Òpó ló lù mí. Mi ò gbé e rárá, ẹ bi wọ́n, mi ò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ yẹn. Àwọn ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀. Òní nìkan ni, torí kí ẹ má bàa…"

"Ẹ mu omi ná."

Mo mu omi. Ràfíátù ló mú ife náà dání.

"Ta ló sọ fún yín pé a máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ aláìsàn?" obìnrin náà bi mí.

"Ó wà lára ògiri nísàlẹ̀."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo kà á fún un láti orí. Ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n, kí ó sọ.

"Kí ó sọ," ó wí. "Wọn ò kọ pé kí ó sá. Wọn ò kọ pé kí ó kú sínú ilé. Bàbá, àìsàn la wá ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ọmọ kọ́."

"Àwọn ìbejì òkè ńkọ́?" Ìyá Dúrójayé wí. Ohùn rẹ̀ le. "Ta ló gbé wọn?"

Obìnrin náà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé ìdí Ẹniìtàn sókè díẹ̀. "Àwa ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú wa ni, àmọ́ àwa náà ni. Ohun tí wọ́n ṣe ò dáa. Àwọn ìyá wọ́de nítorí irú rẹ̀ títí wọ́n fi yí òfin padà. Àwọn ọmọ yẹn wà, ara wọn le. Bàbá wọn la ń wá. Tí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tó kó lọ, ẹ sọ fún mi."

Ràfíátù ní ó gbọ́ pé ó wà ní abúlé àwọn tó ń ṣe bíríkì, lẹ́yìn òkè kejì. Obìnrin náà ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Obìnrin náà dojú kọ ògiri fún ìgbà díẹ̀, ó sì nu ojú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ó wí. "Ẹ ṣeun gan-an." Ó wá yíjú sí wa. "Ọ̀rọ̀ yìí ò sì tíì yé mi síbẹ̀. Bàbá ò gbé ọmọ. Ta ló wá ń ju ọmọ sílẹ̀ láràárọ̀?"

A wo ara wa.

"Jù ú sílẹ̀?" Ìyá Dúrójayé wí. Ẹnu rẹ̀ là, ó padé, ó tún là. "Ẹ dúró ná. Ṣé jù ú sílẹ̀ ni, àbí jù ú sókè?"

"Báwo?"

"Ẹ gbé e wá."

Wọ́n tú Ẹniìtàn sílẹ̀. Ìyá Dúrójayé fi ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lórí ọpọ́n ìwẹ̀, ó fi ọwọ́ kan mú ọmọ lápá, ó nà án, ó fi ìkejì mú un lápá kejì, ó nà án, ó gbá a ní ìdí pẹ́ẹ́, ó sì jù ú sókè. Ó hán an. Ó tún jù ú sókè. Ẹniìtàn jí pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń tapá tẹsẹ̀ lófuurufú.

"Ọmọ ń ṣubú!" ìlẹ̀kẹ̀ ké. Ó pọ́n kíkankíkan. "Ọmọ ń ṣubú! Ọmọ ń ṣubú!"

"Baba ẹ ló ń ṣubú!" Ìyá Dúrójayé wí, ó sì tún ju ọmọ.

Obìnrin ìjọba yẹn, mo rò pé nǹkan ti ṣe òun náà. Ó di ikùn rẹ̀ mú. Ó fi orí ti ògiri. Ẹ̀rín ni. Ó rín títí omijé fi dà lójú rẹ̀, Ràfíátù bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, èmi tí mo wà nílẹ̀ pẹ̀lú ètè tí mo ti bù jẹ, mo rín pẹ̀lú wọn.

"Ìwẹ̀ ni," ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ìwẹ̀ ni! Màmá mi wẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yìí lọ́gbọ́n tuntun lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ìlú ńlá ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn tí ọpọ́n ẹlẹ́rọ ń wẹ̀. Ọpọ́n yẹn kì í gbé ọmọ kúrò nílẹ̀. Gbogbo ilé tí mo dé lọ́sẹ̀ yìí ni ìlẹ̀kẹ̀ ti pọ́n, gbogbo wọn ló sì búra fún mi pé ọmọ kì í kúrò lórí ẹní. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ fún mi."

"Ẹ̀yin lẹ̀rù yín ń bà wọ́n," mo wí.

Ẹ̀rín rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀rù mi ń ba ẹ̀yin náà."

"Ó ń bà mí."

"Ṣé ó ṣì ń bà yín?"

Mo wò ó. Mo fẹ́ sọ pé rárá láti mú inú rẹ̀ dùn. "Díẹ̀," mo wí.

Ó ní ìyẹn náà dáa. Ó fi ìka kan ìlẹ̀kẹ̀, ó sọ fún un pé, "Ìwẹ̀ ni. Ìwẹ̀ ìyá àgbà." Ìlẹ̀kẹ̀ ronú, ó padà sí àwọ̀ ewé, ó ní ẹ ṣeun. Ìyá Dúrójayé kò fèsì fún un lọ́tẹ̀ yìí. Bóyá ó rẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà ṣí agbọ̀n. Mo dijú. Nígbà tí mo lajú, wàrà ni mo rí níbẹ̀, àti aṣọ ọmọ, àti èlùbọ́, àti oògùn oríṣiríṣi. Kò sí àyè fún ọmọ nínú rẹ̀. Ó ní ìdajì ẹrù náà ni ti ọmọ, ìdajì yòókù ni ti ẹni tó bá ń gbé ọmọ. Ó yọ oògùn kan tó dà bí ewé kékeré, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara lẹ́yìn etí. Ó ní kò ní mú àìsàn náà lọ tán, àmọ́ ìṣubú á dín kù, dókítà á sì máa wá wò mí níbí, mi ò ní wá a lọ. Ó so ìlẹ̀kẹ̀ kan mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. Ó ní èyí máa mọ̀ kí n tó gbóòórùn ẹja. Á ké sí Ìyá Dúrójayé.

"Ṣé ó máa pè mí lórúkọ?" Ìyá Dúrójayé bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kó pè mí dáadáa o. Mi ò fẹ́ ohùn aláìsàn yẹn."

Mo ṣì ń ṣọ́ ọ. Ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. "Kí lẹ máa gbà?" mo bi í. "Nígbà tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán."

"A ò gba nǹkan kan, bàbá. Ẹ kàn máa sọ fún ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí kálukú yín ń ṣe fún ọmọ. Òfin tuntun gbà kí ọmọ ní ọwọ́ púpọ̀. Wọn ò tíì kun ògiri yẹn bó ṣe yẹ ni."

Ìyá Dúrójayé ló kọ́kọ́ sọ. Ó ní òun ń wẹ̀ ẹ́, òun ń na ara rẹ̀, òun ń fún un ní àgbo, òun sì ń bú u tó bá ya aláìgbọràn. Ràfíátù ní òun ń fún un lọ́mú, ọ̀dọ̀ òun ló ń sùn, òun ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti já.

Ó kàn mí. Mo ṣí ẹnu. Mo wá nǹkan tí màá sọ. Mi ò gbé e. Mi ò wẹ̀ ẹ́. Mi ò fún un lóúnjẹ. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń hun àwọ̀n.

"Mi ò ṣe nǹkan kan fún un," mo wí.

Obìnrin náà gbọ́rí lé èjìká, ó ń wò mí. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín." Ó tún fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ Ẹniìtàn, yàrá sì kún fún ìró. Ìró ọkàn ọmọ ni, ó ń sáré bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ẹkún rẹ̀ sì wà lórí ìró náà. Ọ̀sán ìjẹta ni, ó ní, nígbà tí eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ohùn Ràfíátù ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ọkàn ń sáré. Ìyá Dúrójayé ń kọrin, ọkàn ń sáré. Ohùn ọkùnrin kan wá dé láti ẹ̀yìn ògiri, ohùn tó ti há.

*Àwẹ̀ró, ọmọ ẹlẹ́mìí omi,*
*ìyá ẹ bí ọ sórí ìgbì, ìgbì ò gbé ọ.*
*Àwẹ̀ró, ọmọ alájẹ̀ títọ́,*
*òkè gbà ọ́, kùrukùru dì mọ́ ọ.*

Èmi ni. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ń hun àwọ̀n, tí mo sì gbọ́ ẹkún rẹ̀ ní yàrá kejì, mo máa ń fi Àwẹ̀ró, oríkì rẹ̀, kì í, nítorí mi ò lè lọ gbé e. Mo gbọ́ bí ọkàn ọmọ náà ṣe ń rọ̀ sílẹ̀. Ó rọ̀ sílẹ̀, ó rọ̀ sílẹ̀, títí ó fi ń lọ jẹ́jẹ́. Ẹkún dáwọ́ dúró.

"Ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀," obìnrin náà wí. "Kò sí ohùn míì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un."

Ìyá Dúrójayé fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú.

"Kí ni kí n kọ, bàbá? Kí lẹ ń ṣe fún un?"

"Èmi," mo wí. "Èmi ni mò ń kì í."

Ìlẹ̀kẹ̀ gbà á.

Mo fẹ́ dúpẹ́. Mo gbé ara mi sókè láti dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí ó tó ọmọ mi, mo ti ń nawọ́ sílẹ̀ nígbà tí Ìyá Dúrójayé fi ẹ̀wù fà mí padà.

"Ẹ jókòó, jàre! Ìdọ̀bálẹ̀ tẹ́ ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan ti tó wa."

Obìnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó wọ ẹ̀wù òjò rẹ̀. Ó wo yàrá yíká. Ó wá bi mí ní ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan ò bi mí rí, kí omi tó dé àti lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lẹ tún fẹ́, bàbá?"

Mo bojú wo ilẹ̀. Ó tì mí lójú láti sọ ọ́. Àgbàlagbà ni mí. Mo ti tọ́ ọmọ rí.

"Ṣé ọ̀nà kan wà," mo wí, "tí mo lè fi gbé e? Tí kò ní… tí mo bá tiẹ̀ ṣubú?"

Obìnrin náà ò sọ pé ó dìgbà tí dókítà bá dé. Ó bọ́ ẹ̀wù òjò náà padà. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ní kí n jókòó sórí rẹ̀, kí n fẹ̀yìn ti igun ògiri níbi tí ògiri méjì ti pàdé, torí ẹni tó bá wà ní igun ò ní ibi tó máa wó sí. Ó ní kí n na ẹsẹ̀, kí n yà wọ́n. Ó fi ìrọ̀rí sí ọ̀tún, ó fi ọ̀kan sí òsì. Ó gbé Ẹniìtàn sáàárín itan mi, ó fi ìborùn rẹ̀ dì í mọ́ mi láyà, kò fún un jù, ó sì fi etí ìborùn náà lé Ràfíátù lọ́wọ́ kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń tú u kíákíá. "Ní ìjókòó nìkan," ó wí. "Kí ẹnì kan sì wà nítòsí. Àmọ́ ẹ lè gbé e."

Ọmọ náà gbé orí lé mi láyà. Orí rẹ̀ gbóná, ó ń ta òórùn àdí. Ó rí bọ́tìnnì ẹ̀wù mi, ó fi í sẹ́nu. Mi ò mira. Mo ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí, mo ń gbọ́ bóun náà ṣe ń mí, mo ń retí òórùn ẹja, òórùn ẹja ò wá.

Ó ṣe díẹ̀, nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan tàn sí mi lára, ó gba ẹ̀wù mi kọjá dé ikùn.

"Ó ti tọ̀ sí yín lára," Ràfíátù wí, ó ti nawọ́ síbi ìborùn. "Ẹ jẹ́ kí n gbà á, bàbá. Ẹ̀wù yín ti rin."

"Fi í sílẹ̀," mo wí. "Jẹ́ kó tọ̀ tán."